Bí A Ṣe Ń Wá Ẹyẹ Drakensberg Siskin, Tí A Sì Ń Dá A Mọ̀

Ẹyẹ kékeré kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní Lẹ̀sótò àti ní apá ìlà-oòrùn Gúúsù Áfíríkà, lórí àwọn òkè Drakensberg àti Maloti. Drakensberg siskin ni wọ́n ń pè é. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Crithagra symonsi ni, Austin Roberts ló sì kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1916. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ, kò sì ní àwọ̀ tó ń tàn yòò, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfura.

Ibi gíga ni kí ẹ wá a lọ. Ní ìgbà ooru, ó máa ń wà níbi tí ilẹ̀ ti ga ju nǹkan bíi mítà 2,000 lọ, níbi tí àwọn igi kúkúrú ti hù sáàárín àpáta àti koríko. Lójú tèmi, ọ̀nà Sani Pass, tó gba KwaZulu-Natal gòkè wọ Lẹ̀sótò títí dé mítà 2,876, ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jù lọ. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání, nítorí pé ẹ máa kọjá ẹnubodè, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ni wọ́n sì ń gbà láàyè. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, torí pé ààrá àti òjò ìgbà ooru sábà máa ń dé ní ọ̀sán. Nígbà òtútù, tí òjò dídì bá ń bọ́ lórí òkè, àwọn ẹyẹ náà a máa sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì.

Tí ẹ bá rí ọ̀wọ́ ẹyẹ kéékèèké tó ń ṣa hóró nílẹ̀, ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ fi awò ọ̀nà jíjìn wò wọ́n láìsún mọ́ wọn. Akọ ní orí àti àyà aláwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ ṣú bí ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jọ àwọ̀ ilẹ̀; abo kò ní àwọ̀ ìyeyè bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ tó ní ìlà wẹ́wẹ́ ló bò ó. Ìrù ni kí ẹ fojú sí gan-an: bí ó bá fò, ìyẹ́ funfun a yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìrù rẹ̀ méjèèjì. Kò sí irú funfun bẹ́ẹ̀ nínú ìrù Cape canary, tí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ rí bí eérú, tàbí yellow canary, tí àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Cape siskin tó bá a tan tímọ́tímọ́ ní funfun ní ṣóńṣó apá, ṣùgbọ́n ibòmíràn, lọ́hùn-ún ní ìwọ̀-oòrùn, ló ń gbé.

Hóró, ìrudi òdòdó àti kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀. Ìgbà ooru ló ń yé ẹyin, inú igi kúkúrú tàbí àárín koríko etí àpáta ló sì máa ń ṣe ìtẹ́ rẹ̀ tó jin bí ago. Bí ẹ bá rí i tó gbé koríko tàbí irun sẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fà sẹ́yìn kíákíá. Ẹ má ṣe tọ̀ ọ́ dé ìtẹ́, ẹ má sì ká igi sápá kan nítorí àwòrán.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́, ibi, bí ilẹ̀ ṣe ga tó, àti ohun tó ń jẹ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí SABAP2, iṣẹ́ ìkójọ àkọsílẹ̀ ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tí Lẹ̀sótò náà wà nínú rẹ̀.