Má Tíì Yọ Káàdì: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Wíwá Ẹjọ́ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tó ń dunni nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń fowó rà. Iṣẹ́ tí owó ò lè bá wọn ṣe gan-an ni wọ́n ń fò dá.

1. Sísanwó kó o tó dé ilé ìkàwé. Kọ́kọ́ bi alábòójútó ilé ìkàwé òfin bóyá fákọ́tì ti sanwó LawPavilion, Legalpedia tàbí HeinOnline, àwọn ìkànnì ìwádìí òfin tí wọ́n ń sanwó fún. Íntánẹ́ẹ̀tì ọgbà ni irú ètò bẹ́ẹ̀ sábà fi ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Bó o bá ṣí i nílé lórí dátà tìrẹ, tó ní kó o sanwó, bi wọ́n ní ilé ìkàwé bí wọ́n ṣe ń wọlé láti òde ọgbà. Ìdájọ́ ọ̀fẹ́ sì wà lórí ìkànnì NigeriaLII.

2. Ríra pásíwọọ̀dù àjùmọ̀lò lórí WhatsApp. Wọ́n á tì í, owó á bómi lọ.

3. Fífi àbádòfin pe òfin. Méjèèjì ló wà lórí ìkànnì PLAC (Policy and Legal Advocacy Centre). Wò ó bóyá ó ti di òfin lóòótọ́ kó o tó tọ́ka sí i.

4. Dídúró sórí LFN 2004 (Laws of the Federation of Nigeria), àkójọ òfin àpapọ̀ Nàìjíríà. CAMA àtijọ́ (Companies and Allied Matters Act, òfin tó de ilé-iṣẹ́) tó ní ó kéré tán ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ṣì ń ká kiri. Abala 18(2) CAMA 2020 ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀. Òfin Ẹ̀rí 2011 náà ti ní àtúnṣe ní 2023, abala 84 tó dá lórí ẹ̀rí látinú kọ̀ǹpútà sì wà lára ohun tó kàn.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn rí ẹjọ́ kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bèèrè ohun tí ilé-ẹjọ́ wí lẹ́yìn rẹ̀. Wo Savannah Bank v Ajilo ti 1989. Ẹni tó fi ohun ìní dógò lọ́wọ́ báńkì ló gba ilé-ẹjọ́ lọ pé òfo ni ìdógò náà, torí pé Gómìnà ò fọwọ́ sí i. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gbè é lẹ́yìn, lórí abala 22 àti 26 Òfin Ìlò Ilẹ̀. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń parí ọ̀rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní 1995, nínú Awojugbagbe v Chinukwe, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé kò léèwọ̀ kí ẹni méjì ti ṣe àdéhùn kí Gómìnà tó fọwọ́ sí i. Àdéhùn náà kàn ṣì ń dúró de ìfọwọ́sí ni. Ẹni tó bá tọ́ka sí Ajilo nìkan ti sọ ìdajì òfin.

Ọ̀nà àbáyọ ò le. Fi àmì àyọlò dì orúkọ ẹjọ́ náà, wá a, kó o to èsì rẹ̀ láti orí èyí tó jáde kẹ́yìn. Ka ohun tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ nípa rẹ̀: ṣé wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n yà á sọ́tọ̀ pé kò bá ẹjọ́ tó wà níwájú wọn mu, àbí wọ́n wọ́gi lé e? Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ̀rọ̀ òfin. Ẹni tó bá tẹ "consent" lásán á rì sínú èsì. "Consent of the Governor" pẹ̀lú "section 22" ló yẹ. Tún tẹ "Governor's consent" lọ́tọ̀, nítorí àmì àyọlò kì í mú ju ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ gan-an.

Àkótán tó wà lókè ẹjọ́, olótùú ló kọ ọ́, kì í ṣe adájọ́. Má ṣe yọ ọ̀rọ̀ lò látinú rẹ̀. Wo orúkọ adájọ́ tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, kó o má lọ gbé èrò ẹni tó ta ko ìdájọ́ kalẹ̀ bí òfin.

Bí ChatGPT bá fún ọ ní ẹjọ́, ṣí ìdájọ́ náà fúnra rẹ kó o tó kọ ọ́. Nínú Mata v Avianca ní New York lọ́dún 2023, lọ́yà méjì àti ilé-iṣẹ́ wọn san ìtanràn 5,000 dọ́là lórí ẹjọ́ tí kò sí níbì kankan.

Bó o bá ń tọ́ka sí ẹjọ́ nínú NWLR (Nigerian Weekly Law Reports), ọdún ló ń ṣíwájú, ìdìpọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà apá, kó tó kan ojú ìwé tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Fi ojú ìwé tó o ti yọ ọ̀rọ̀ náà kún un.