Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nápì aláṣọ: kíkójọ, dídì àti fífọ̀

Lílo nápì aláṣọ kò le. Fífọ̀ àti gbígbẹ rẹ̀ ló máa ń lé èèyàn padà sídìí nápì àlòsọnù. Nítorí náà, kí n tó ra ẹyọ kan, ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni iye ìpele aṣọ tí wọ́n rán mọ́ra. Nápì onípele mẹ́jọ tí abẹ́rẹ́ ti rán pa máa ń fa ìtọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í tètè dé àárín rẹ̀, omi kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀. Bí oòrùn ò bá mú, ó lè wà lórí okùn di ọjọ́ kejì. Aṣọ pẹlẹbẹ tí a fúnra wa ká sí mẹ́jọ ń mu ìtọ̀ bákan náà, àmọ́ tí a bá tú u, ìpele kan ṣoṣo náà ni, kì í pẹ́ gbẹ. Aṣọ pẹlẹbẹ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni mo sì máa sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi bẹ̀rẹ̀.

Mo kó aṣọ òwú 24 jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 70 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Ọmọ tuntun lè lo nápì mẹ́wàá sí méjìlá lójúmọ́, ọjọ́ méjì méjì ni mo sì ń fọ̀, ìyẹn ló fi di 24. Ẹni tó bá ń fọ̀ lójoojúmọ́, 15 ti tó o. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà, á wálẹ̀ sí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́, èyí tó ṣẹ́ kù á wá di ti alẹ́.

Pátá rọ́bà márùn-ún, tí mo ń fi bo nápì lórí, ló bá a rìn. Èyí tó dáa kì í ṣe ọ̀rá lásán: aṣọ ni, tí wọ́n lẹ rọ́bà tín-ínrín mọ́ nínú. Bí ó bá jẹ́ ìtọ̀ nìkan ni ọmọ tọ̀, mi ò kì í fọ pátá: mo máa ń nù ún nínú, mo gbé e kọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, mo lo òmíràn, mo sì tún padà sórí èyí àkọ́kọ́ tó bá yá. Bí ìgbẹ́ bá ti kàn án, ó di inú omi. Ẹ ṣọ́ra fún pátá oníbọ́tìnnì tí wọ́n ní ọmọ máa lò láti ọjọ́ ìbí títí yóò fi kúrò nínú nápì. Lára ọmọ tí kò tíì tó kílò mẹ́rin, àlàfo sábà máa ń wà níbi itan, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan máa ń gbà jáde. Méjì nínú márùn-ún yẹn jẹ́ ti ọmọ tuntun ní tèmi.

Ó ku píìnì onídèérí mẹ́ta, garawa onídèérí kan, àti aṣọ fẹlẹfẹlẹ tí kì í mu omi, tí mo máa ń tẹ́ sójú nápì kí ìdí ọmọ má bàa máa wà lórí ọ̀rinrin.

Àwọn kan fẹ́ràn nápì alápò, tí a máa ń ki ìfàtọ̀, ìyẹn aṣọ tó ń fa ìtọ̀, bọ inú rẹ̀. Ó yá wọ̀, mi ò sì bú ẹni tó yàn án. Kìkì pé máíkirofáíbà, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán oníke tín-ínrín hun, ni ìfàtọ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́. Ó ń yára mu omi, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fìdí tẹ̀ ẹ́, á tún pọ omi náà jáde. A ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kan ara ọmọ ní tààrà, torí pé á fa ọ̀rinrin ara ọmọ mọ́ ìtọ̀.

Kí nápì òwú tó kan ọmọ, fífọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó. Epo àdánidá wà lára òwú tí wọn ò tíì sọ di funfun, kì í sì í jẹ́ kó mu omi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ tèmi. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ kán omi sí i. Bí omi bá ń yí kiri bíi ti orí ewé kókò, ó ṣì ku fífọ̀. Bó bá wọlé lójú ẹsẹ̀, ó ti ṣe tán.

Bí mo ṣe ń ká a rèé. Mo ká aṣọ sí méjì, mo tún un ká sí méjì, ó di onígun mẹ́rin kékeré. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin aṣọ á ti pàdé lójú kan. Mo yí ojú ibẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún lókè. Mo mú igun tó wà lórí pátápátá, òun nìkan, mo fà á lọ sọ́wọ́ òsì títí ó fi di onígun mẹ́ta tí ṣónṣó rẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀. Mo dojú gbogbo rẹ̀ dé. Apá kan á ṣẹ́ kù tó ṣì jẹ́ onígun mẹ́rin: mo ká ìyẹn wọ àárín lẹ́ẹ̀meji tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ìlà tó nípọn láàárín apá méjì tó nà gbọọrọ. Ìlà yẹn ló ń gba ìtọ̀, apá méjèèjì ló ń yí ìbàdí ká.

Mo gbé ọmọ lé e kí etí òkè bá ìbàdí rẹ̀ dọ́gba, mo fa ṣónṣó náà gba àárín ẹsẹ̀ wá síwájú, mo sì mú apá méjèèjì bò ó. Ìka ọwọ́ mi méjì máa ń wà láàárín aṣọ àti ara ọmọ kí píìnì tó wọlé, kó jẹ́ pé èmi ló máa gún bó bá yẹ̀. Bí píìnì ò bá wọlé dáadáa, ẹ kọ́kọ́ fi gún ọṣẹ gbígbẹ, á máa yọ̀. Fún ọmọkùnrin, mo máa ń ṣẹ́ ṣónṣó aṣọ po kí iwájú lè nípọn sí i. Bí ìwọ́ ò bá tíì já, ẹ ká iwájú nápì sísàlẹ̀ kó má bo ìdodo. Ẹ jẹ́ kí orúnkún ọmọ ká kó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Dídi ẹsẹ̀ ọmọ tọọrọ lè ba oríkèé ìbàdí jẹ́.

Pátá ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jíjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilásítíìkì ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ kòtò ibi tí itan ti so mọ́ ara, kò gbọdọ̀ wà lórí itan. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi ìka tọ etí pátá yí ká: bí aṣọ òwú bá yọ jáde ní ìwọ̀n èékánná péré, aṣọ tí ọmọ wọ̀ lókè á fa ìtọ̀ láti ibẹ̀, yóò sì rin gbindin. Ìka méjì gbọ́dọ̀ ráyè wọ ìbàdí. Wákàtí méjì sí mẹ́ta ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀, ìgbẹ́ kì í sì í dúró rárá. Lálẹ́, aṣọ méjì ni.

Èyí tí mo bá bọ́, inú garawa gbígbẹ ló ń lọ. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì: omi náà á máa rùn, á ba ilásítíìkì jẹ́, omi díẹ̀ nínú garawa sì tó láti gbé ọmọ tó ń rá. Ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú nìkan máa ń yọ́ nínú omi. Tó bá ti ń jẹ oúnjẹ, ẹ gbọn ìgbẹ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó kó o pamọ́.

Omi tútù ni mo fi ń ṣan ìtọ̀ kúrò lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fífọ̀ gan-an: omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pẹ̀lú ọṣẹ lúbúlúbú tó pé. Àwọn kan máa ń dín ọṣẹ kù torí ara ọmọ, ìyẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí aṣọ kún tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, torí pé bó bá kéré jù, aṣọ ò ní máa fara gbo ara wọn. Ẹni tó ń fọwọ́ fọ̀ máa rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á gbo ó, á wá ṣàn án títí omi ò fi ní hó mọ́. Ọṣẹ olóòórùn tí ń mú aṣọ rọ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ó ń bo òwú lójú ni, òwú ò sì ní mu omi mọ́. Bílíìṣì ń jẹ rọ́bà pátá. Òwú ni mo ń sá sí oòrùn, ó sì ń ṣí àbàwọ́n kúrò. Abẹ́ ibòji ni ti pátá.

Bí nápì bá jò, ẹ tú u wò kí ẹ tó sọ pé kò dáa. Bó bá rin tán pátápátá, ó ti pẹ́ lára ọmọ jù, tàbí kí aṣọ kéré. Bí apá kan bá rin tí apá kejì gbẹ, ẹ yẹ dídì wò, kí ẹ sì tún ìdánwò omi kíkán ṣe. Ìpara tó ní epo jẹlí tàbí síńkì lè ti bo òwú lójú. Ẹ̀yin ẹ máa tẹ́ aṣọ fẹlẹfẹlẹ lé e lórí lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ìpara.

Òórùn tó ń ta imú, tó ń mú ojú ṣomi, amóníà ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ìtọ̀ di bẹ́ẹ̀, ohun tó sì fún wọn láyè ni ọṣẹ tí kò tó tàbí garawa tó ti pé ọjọ́ mẹ́ta. Ìdí ọmọ á pọ́n, á sú. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀meji tẹ̀léra nínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ tó pé, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì láti ìgbà náà lọ.

Pátá ló máa kọ́kọ́ gbó. Ẹ nà án sójú ìmọ́lẹ̀: níbi tí rọ́bà bá ti ṣí kúrò lára aṣọ, á máa wú bíi ti ohun tó léfùúfù nínú. Kò ní àtúnṣe, òmíràn ni kí ẹ rà. Aṣọ òwú tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ á ṣì bá a mu.