Bí mo ṣe béèrè fún fẹ́lóṣíìpù Humboldt láti Ilé-Ifẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni mo jókòó, mo ka iye ọdún tí mo ti lò. Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni mo gba PhD. Àjọ Humboldt ti ilẹ̀ Jámánì, tí ibùjókòó wọn wà ní ìlú Bonn, máa ń fún olùwádìí tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn owó láti wá ṣe ìwádìí ní Jámánì, ṣùgbọ́n ẹni náà kò gbọdọ̀ tíì lò ju ọdún 12 lọ lẹ́yìn PhD rẹ̀. Èmi ti lo 10, mo ti wọ ìkọkànlá. Mo wá ń bi ara mi léèrè ibi tí àwọn ọdún náà wọlé sí. Oṣù mẹ́sàn-án ìyanṣẹ́lódì àwa olùkọ́ yunifásítì lọ́dún 2020 wà nínú wọn, oṣù mẹ́jọ ti 2022 náà wà níbẹ̀, nígbà tí owó oṣù dúró tí a kò mọ ìgbà tí yóò padà. Mo bí ọmọ méjì láàárín rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ àgbà sì rí bí ó ti ń rí: ìwé ìdánwò ní òkìtì-òkìtì, ìpàdé ìgbìmọ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Mo sọ fún ọkọ mi pé tí n kò bá ṣe é lọ́dún yìí, bóyá n kò ní ṣe é mọ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa béèrè fún irú nǹkan báyìí. Mo ti gbìyànjú níbòmíràn ní 2019, wọn kò mú mi. Mo wá ìwé àbá ìwádìí ìgbà náà jáde, mo kà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nílé wa ní Lágeré. Ó dùn mí. Gírámà inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Nairobi lè kọ ọ́, ẹni tó wà ní Toronto náà lè kọ ọ́. Kò sí Ifẹ̀ nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀kadà kan péré ni láti ilé mi dé Ẹnuwà, níwájú ààfin Ọọ̀ni. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ìlú yìí, n kò sì fi ìkankan nínú rẹ̀ sínú ìwé tó yẹ kí n fi ṣèpolongo ara mi.

Ìdí tí mo fi yan Jámánì nìyí. Ní ìparí ọdún 1910, ará Jámánì kan tí à ń pè ní Leo Frobenius wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ó ra àwọn nǹkan lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ó sì fẹ́ gbé orí idẹ tí a mọ̀ sí orí Olókun lọ, lẹ́yìn tó san pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò wisikí kan. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí ó dá a padà, títí dòní ni àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí bóyá ojúlówó ni èyí tó wà nílé, tàbí ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé ó rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa tán, ó wá kọ ọ́ pé àwọn ará Atlantis, àwọn tí ó ní wọ́n bá Gíríìkì tan, ló dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àtàwọn tó bá a rìn ya àwòrán, wọ́n sì kọ àkọsílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìlú Frankfurt ní ibi ìpamọ́ àwòrán irú àwọn ìrìn-àjò rẹ̀. Mo ti ń wo díẹ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru, nígbà tí dátà bá yá.

Humboldt kì í bá ọ wá ẹni tí yóò gbà ọ́ lálejò. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò wá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì tí yóò sọ pé òun fẹ́ kí o wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́, mo sì rí ìdí. Ímeèlì mẹ́rin ni mo kọ. Èyí àkọ́kọ́ gùn bí ìwé ẹ̀bẹ̀: mo kí i, mo ka gbogbo oyè mi fún un, ìdí abájọ wá kù sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò fèsì. Ẹnì kejì náà dákẹ́. Ẹnì kẹta ní òun ti fẹ̀yìn tì. Kí n tó kọ ìkẹrin, mo ka ìwé àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí ẹni náà kọ, mo wá kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta kúkúrú: ohun tí mo fẹ́ mọ̀, ohun tó wà lọ́dọ̀ yín tí kò sí lọ́dọ̀ wa, ohun tó wà lọ́wọ́ mi tí kò sí lọ́dọ̀ yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí èsì tó dé. A fi fídíò sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù. Iná ìjọba lọ láàárín ọ̀rọ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi, a ń bá a lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n kẹrin yìí, ìyá àgbàlagbà kan, bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí n kò gbàgbé: kí ni ìwọ yóò rí nínú àwọn àwòrán Frobenius yìí tí àwa kò tíì rí láti ọgọ́rùn-ún ọdún? N kò lè dáhùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo tẹ ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà jáde, mo gbé e lọ bá bàbá kan tí mo máa ń lọ jókòó tì nínú ìlú. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo na ìwé náà sí wọn. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n tún fà á mọ́ra.

"Ẹni tó ya èyí, ẹ̀yìn igbó ló dúró sí," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ṣé o rí bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà lọ pọn omi nìyẹn. Àlejò kì í gba ibẹ̀. Ẹnì kan ló mú un gba ibẹ̀."

Ẹnì kan ló mú un gba ibẹ̀. Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ kí n tó dìde nílẹ̀ níwájú wọn. Ta ni? Ọmọ agbolé wo? Kí ni wọ́n fi han àlejò yìí, kí ni wọ́n sì fi pamọ́ fún un? Ìwádìí mi nìyẹn. Gbogbo ohun tí a ti kà nípa ọdún 1910, Frobenius àti àwọn òyìnbó tó bá a jà ló kún inú rẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ tó mú un rìn, tí wọ́n ta nǹkan fún un, tí wọ́n kọ̀ láti ta fún un, n kò tíì rí ẹni tó fi àwòrán yẹn béèrè wọn lọ́wọ́ agbolé kọ̀ọ̀kan.

Ojú ìwé márùn-ún ni àbá ìwádìí náà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo tún un kọ. Mo fi gbólóhùn bàbá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sọ àwọn àpótí àkọsílẹ̀ tí mo fẹ́ ṣí àti oṣù tí mo máa ṣí wọn, mo sọ bí mo ṣe máa gbé ẹ̀dà àwọn àwòrán padà wá fún àwọn agbolé. Gbogbo ibi tí mo ti kọ "ìdàgbàsókè" ni mo pa rẹ́, àfi ibi kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ni mo fún kà, torí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kò ní jẹ́ onímọ̀ ìtàn nìkan. Ibi tí kò yé e ni mo tún ṣe.

Àwọn ìwé yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀: CV, ìyẹn ìwé ìtàn iṣẹ́ mi, ìwé ẹ̀rí, àwọn àpilẹ̀kọ tí mo yàn pé wọ́n ṣe pàtàkì jù. Mo kọ àwọn oṣù ìyanṣẹ́lódì àti ìgbà ìbímọ sínú CV gan-an. Tí ẹ bá wà ní irú ipò mi, ẹ má fi pamọ́. Àlàfo tí a kò ṣàlàyé ni wọ́n máa ń kà sí ìmẹ́lẹ́. Àwọn tó máa kọ lẹ́tà fún mi, oṣù méjì ṣáájú ni mo ti lọ bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá mi àtijọ́ ní Ìbàdàn, mo lọ bá wọn nílé ni, mo mú àbá ìwádìí náà dání kí wọ́n lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe pé mo jẹ́ ọmọ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan. Humboldt kò ní ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn máa ń tì. Ìgbàkígbà lèèyàn lè fi ìwé ránṣẹ́. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, torí ọ̀la kì í tán. Mo wá mú ọdún Ọlọ́jọ́ ṣe ààlà: kí Ọọ̀ni tó dé adé Aàrẹ, ìwé mi gbọdọ̀ ti lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Ọlọ́jọ́ ni mo tẹ bọ́tìnì náà, ní aago méjì òru, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń hó.

Oṣù mẹ́fà ni mo fi dúró. Nígbà tí ìwé ìgbàwọlé dé, mo ka ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó pe ọkọ mi. Wọ́n gbà kí n pín oṣù mẹ́fà tí mo máa lò ní Jámánì sí ọ̀nà méjì, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí àwọn ọmọ má baà pẹ́ láìrí mi, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì má fi sáà méjì ṣòfò. Olórí ẹ̀ka buwọ́ lu ìwé ìsinmi mi lọ́sẹ̀ náà.

Mo lọ sọ fún bàbá. Wọ́n súre fún mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní tí mo bá débẹ̀, kí n wo gbogbo àwòrán náà dáadáa, bóyá ìrókò tó wà lẹ́nu agbolé àwọn wà nínú ọ̀kan. Bàbá wọn ló sọ fún wọn nípa rẹ̀. Ó ti wó kí wọ́n tó bí wọn. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé àkọsílẹ̀ tí mo rà fún Frankfurt.