Bí Mo Ṣe Gbẹ́ Pùròpẹ́là Tuntun fún Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré: Ìrírí Mi

Mo ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń fi ẹ̀rọ oníná rìn, bátìrì ni ó sì ń fún ẹ̀rọ náà ní agbára. Ohun tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí ni pé bátìrì náà máa ń tán kí n tó parí ìrìn àjò mi. Èrò àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n fi bátìrì mìíràn kún un, ṣùgbọ́n bátìrì wúwo, ìwúwo sì máa ń ri ọkọ̀ sísàlẹ̀ sí i, débi pé omi tí ó ní láti là kọjá yóò tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wá yẹ pùròpẹ́là tó wà nídìí ọkọ̀ náà wò dáadáa, ìyẹn ohun tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ síwájú, mo rí i pé oníke ni, ó ní ewé mẹ́ta, òbìrìkìtì tí àwọn ewé náà ń fà nínú omi kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 22 lọ, ó sì ń yí ní ìgbà 1400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé èmi yóò fi ọwọ́ ara mi gbẹ́ òmíràn, n ó sì wọn ìyàtọ̀ tó bá mú wá, kí ó má baà jẹ́ ojú lásán ni mo fi ń wò ó.

Kí n tó fọwọ́ kan igi rárá, mo ní láti mọ bí omi ṣe ń dá ọkọ̀ náà dúró tó. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọkọ̀ tirẹ̀ fa tèmi, a sì jẹ́ kí okùn tó wà láàárín wa gùn gan-an, kí omi tí ọkọ̀ iwájú ń dà rú má baà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo so òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹrù mọ́ okùn náà. Eré mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ń bá lọ, èyí tí í ṣe kìlómítà 9 ní wákàtí kan, nítorí pé eré tí mo sábà máa ń sá nìyẹn. Òṣùwọ̀n náà ń mì lọ mì bọ̀, nítorí náà mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ ní ogún ìgbà, ìdajì nígbà tí a ń lọ, ìdajì nígbà tí a ń bọ̀, kí afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi má baà tàn mí jẹ. Nígbà tí mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí mo sì pín in dọ́gba, ó jẹ́ kílò 20.

Fífa kílò 20 ní irú eré bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bíi wáàtì 490. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi pùròpẹ́là oníke náà sáré kan náà, mítà tó wà lára bátìrì kà á sí wáàtì 1030. Agbára tó di ìrìn kò tó ìdajì ohun tí bátìrì ń san. Díẹ̀ nínú ìyókù di ooru nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n inú omi ni èyí tó pọ̀ jù ń bá lọ.

Ẹ̀kọ́ tó là mí lójú jù lọ nípa èyí ti wà tipẹ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Rankine ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní 1865, R. E. Froude, onímọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi, sì tún un gbé yẹ̀ wò ní 1889. Pùròpẹ́là kò lè ti ọkọ̀ síwájú àfi kí ó ti omi sẹ́yìn. Ó lè mú omi díẹ̀ kí ó sì jù ú sẹ́yìn tagbáratagbára, ó sì lè mú omi púpọ̀ kí ó tì í sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ yóò rìn bákan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀nà méjèèjì ń náni kò dọ́gba. Bí a bá mú ìwọ̀n omi kan náà tí a sì sọ eré tí a fi ń tì í sẹ́yìn di ìlọ́po méjì, títì tí a ó rí gbà yóò di ìlọ́po méjì, nígbà tí agbára tí omi náà gbé lọ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Mo fi ìṣirò wọn wo ọkọ̀ mi. Bí pùròpẹ́là tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22 kò bá tilẹ̀ ní àbùkù kankan, kò lè sọ ju ìdá 76 nínú 100 agbára tó wọ inú rẹ̀ di ìrìn lórí ọkọ̀ yìí ní eré yẹn. Bí ó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ààlà náà yóò gòkè dé ìdá 84. Kò sí bí mo ṣe lè tẹ ewé kékeré náà tàbí kí n dán an tó tí yóò fi kọjá ààlà yẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi dẹ́kun wíwá ewé tí ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì, tí mo sì gbájú mọ́ fífẹ̀.

Ṣùgbọ́n pùròpẹ́là tó fẹ̀ kò gbọdọ̀ yára yí bíi ti kékeré, torí pé omi yóò máa ra lára ewé gígùn náà, gbogbo èrè yóò sì tibẹ̀ lọ. Mo fi bẹ́líìtì kan àti àgbá kẹ̀kẹ́ méjì tí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì sí àárín ẹ̀rọ àti ọ̀pá pùròpẹ́là, ìyípo náà sì wálẹ̀ sí 700 ní ìṣẹ́jú kan. Inú mi dùn nígbà tí mo rántí pé Wilbur àti Orville Wright ti gba irú ọ̀nà yìí ní 1903. Ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú wọn kò ní ju nǹkan bí agbára ẹṣin 12 lọ, wọ́n sì fi ṣéènì dín ìyípo rẹ̀ kù, tó fi jẹ́ pé pùròpẹ́là méjèèjì tí wọ́n fi igi gbẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 2.6, ń rọra yí ní nǹkan bí ìgbà 350 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn náà ló rí i kedere pé pùròpẹ́là jẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń fò ní òbìrìkìtì, kì í kàn ṣe ohun tó ń lu afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ojú yẹn ni èmi náà fi wo ewé tí mo fẹ́ gbẹ́.

Lílọ́ ewé ni apá tó gba àkókò mi jù. Ìdí ewé àti ṣóńṣó rẹ̀ jọ ń parí ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ṣóńṣó ń rìn gùn ju ti ìdí lọ fíìfíì. Níbi tó jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà 4.5, ewé mi yóò máa gé omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní eré mítà 3.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ṣóńṣó, tó jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 15, yóò tó mítà 11. Omi tó ń ti iwájú bọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níbi méjèèjì: mítà 2.5 tí ọkọ̀ ń sá, pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì mítà tí pùròpẹ́là fúnra rẹ̀ ń fà mọ́ra. Nítorí náà igun tí omi fi ń pàdé ewé jẹ́ dígírì 42 nítòsí ìdí, ó sì kù sí dígírì 15 ní ṣóńṣó. Mo fi dígírì 3 kún un níbi gbogbo kí ewé lè di omi mú, ohun tó sì jáde ni dígírì 45 nítòsí ìdí, 31 ní ìdajì ewé, 24 níbi tó fi díẹ̀ kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta, àti 18 ní ṣóńṣó. Bí a bá wo ewé tí a lọ́ báyìí bí ẹni ń wo súkúrù tó ń wọ inú igi, ìyípo kan yóò gbé e síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 bí omi kò bá yọ̀ rárá. Nígbà tí mo wọn pùròpẹ́là oníke, mo rí i pé lílọ́ rẹ̀ kò tó: ìdí rẹ̀ tẹ́ jù, ṣóńṣó rẹ̀ sì ga jù, débi pé apá kan lára ewé kan náà ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ nígbà tí apá kejì ń sinmi.

Mo dín ewé kù sí méjì, mo sì jẹ́ kí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, sẹ̀ǹtímítà 5.5 níbi tí wọ́n fẹ̀ jù, nítorí pé gbogbo ojú ewé tí a kò nílò, omi ń ra lára rẹ̀ lásán ni. Francis Pettit Smith kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ní 1837, nígbà tí súkúrù onígi gígùn tó fi ń ti ọkọ̀ rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì lójú omi, tí ọkọ̀ náà sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ro ti irú èyí tí ewé rẹ̀ yí po bí òrùka, tí wọ́n ti ṣe ní ilé ìwádìí MIT Lincoln Laboratory àti ní ilé-iṣẹ́ Sharrow Marine, ó sì wù mí, nítorí pé ó ń dín ààjà kékeré tó máa ń yí kúrò ní ṣóńṣó ewé kù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ọ̀bẹ kò lè gbẹ́ ẹ kí ó pé bó ṣe yẹ, mo sì fi í sílẹ̀.

Pákó líle mẹ́rin ni mo fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í tú lẹ̀ pọ̀ títí tí wọ́n fi nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4.5, mo sì rí i dájú pé ojú igi gba gígùn ewé, kí ó má baà là. Mo gé páálí fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń gbé wọn lé ewé bí mo ṣe ń gbẹ́ ẹ. Iwájú ewé rí róbótó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì mú. Lẹ́yìn sáńpépà, mo ti ọ̀pá bọ àárín rẹ̀, mo gbé ọ̀pá náà lé ojú ọ̀bẹ méjì tó dọ́gba, ewé tó wúwo jù sì rọ̀ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ha gíráàmù 9 kúrò lára rẹ̀ kí ó tó dúró níbikíbi tí mo bá fi í sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí, nítorí pé ìwọ̀nba gíráàmù bẹ́ẹ̀ tó láti máa gbọn ọ̀pá títí bẹ́rìn, ìyẹn ohun tó di ọ̀pá mú kí ó lè máa yí, yóò fi bàjẹ́.

Ìdánwò àkọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́. Bí mo ṣe fi iná kún un, ẹ̀rọ náà hó lọ sókè, pùròpẹ́là ń yí fìrì, ọkọ̀ kò sì fẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìṣòro tí onímọ̀ ẹ̀rọ Charles Parsons bá pàdé nínú ọkọ̀ rẹ̀ Turbinia ní 1894, nígbà tí ewé ń yára débi pé omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di oru. Omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ dígírì 20 máa ń hó láìsí iná bí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ bá lọ sílẹ̀ dé kilopascal (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìtẹ̀) 2.3, nígbà tí afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí 101. Parsons pín iṣẹ́ náà fún pùròpẹ́là mẹ́sàn-án lórí ọ̀pá mẹ́ta, Turbinia sì sá ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan ní 1897. Ṣùgbọ́n eré ṣóńṣó ewé tèmi kò tó láti fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ wo ojú omi, mo rí ihò kan tó rí bí àrọ tó ń yí wọlé lọ bá ewé: afẹ́fẹ́ ni ó ń fà mu, nítorí pé ṣóńṣó rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sí ojú omi. Mo rọ ọ̀pá náà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, ìṣòro náà sì parí.

Mo kọ́kọ́ so ọkọ̀ mọ́ èbúté kí n fi òṣùwọ̀n wo bí ó ṣe ń fà tó. Ti oníke fa kílò 28, tuntun fa 29, ó sì kù díẹ̀ kí n sọ pé iṣẹ́ mi já sí asán. Ọkọ̀ tí a so mọ́lẹ̀ kì í sọ òtítọ́ nípa ọkọ̀ tó ń rìn, nítorí pé igun tí mo ṣírò fún omi tó ń ti iwájú bọ̀ ga jù nígbà tí omi kankan kò bọ̀, ewé kò sì lè di omi mú dáadáa. Lójú omi gbangba, ní eré mítà 2.5 kan náà, ní àlọ àti àbọ̀, mítà kà á sí wáàtì 880. Mo tún wo ewé náà, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 4, mo yún un títí ó fi ku 1, n kò sì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ó wálẹ̀ sí wáàtì 840. Ìyẹn ni pé bátìrì ń san ìdá 18 nínú 100 kéré sí ti tẹ́lẹ̀ fún ìrìn kan náà, láìka agbára tí bẹ́líìtì ń jẹ sí.

Mo tún ìṣirò kan náà ṣe fún ọkọ̀ òfuurufú, láti mọ̀ bóyá mo lóye rẹ̀ lóòótọ́. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, nítorí náà pùròpẹ́là òfuurufú ní láti gbá afẹ́fẹ́ púpọ̀ gan-an mọ́ra, ewé rẹ̀ sì máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó ń dè é kì í ṣe oru omi bí kò ṣe eré ohùn, tó tó mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítòsí ilẹ̀. Èyí tó fẹ̀ tó mítà 2, tó ń yí ní ìgbà 2700 ní ìṣẹ́jú kan lára ọkọ̀ tó ń sá mítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣóńṣó rẹ̀ ti ń sá mítà 289, ìdá 85 nínú 100 eré ohùn. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, ariwo àti ìdádúró afẹ́fẹ́ yóò gbèrú lójijì, bí a bá sì fẹ́ kí ó fẹ̀ sí i, a ní láti dín ìyípo rẹ̀ kù.

Igi tó léfòó ti ṣán iwájú ewé kan láti ìgbà náà. Mo fi epoxy, gọ́ọ̀mù kan tó máa ń le bí ó bá gbẹ, dí i, mo sì tún gbé e lé ojú ọ̀bẹ méjì nì kí n tó dá a padà sómi. Èyí tí mo ń gbẹ́ lọ́wọ́ báyìí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 34, yóò sì máa yí ní ìgbà 550 ní ìṣẹ́jú kan. Mo ti gé páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ọ̀pá náà ni mo ṣì ní láti rọ̀ sílẹ̀ sí i.