Ẹ má jẹ́ kí "bí" tan ọmọ yín jẹ

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ ṣe Yorùbá nínú WAEC, ẹ gbọ́ o. Wọ́n á ti sọ fún wọn pé ibi tí "bí" bá ti wà, àfiwé tààrà ni, ìyẹn ni pé a fi nǹkan kan wé òmíràn ní gbangba. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. "Adé ga bí ọ̀pẹ", ó dáa, Adé la fi wé ọ̀pẹ. "Bí òjò bá rọ̀, a ò ní lọ" wá ńkọ́? Kí la fi wé kí ni? Ìbéèrè yẹn gan-an ni kí ọmọ máa bi ara rẹ̀ kó tó kọ nǹkan kan. (Èmi náà ti fi "bí" pàdánù máàkì rí.) "Kìnnìún ni Adé" ò sì ní "bí" rárá, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, ìyẹn ni pé a pe Adé ní kìnnìún gan-an, a ò sọ pé ó dà bí i.