Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìpayínkeke lójú oorun

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ó ní eyín mi ń dún lóru bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ. Èmi ò mọ̀, àfi kí n jí kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ro mí. Dókítà eyín fi díńgí hàn mí: ṣónṣó eyín ọ̀gàn mi ti jẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ! Ó ṣe ike tí mo fi ń bo eyín òkè sùn. Ààbò eyín lásán nìyẹn o, kò dá ìpayínkeke dúró. Obì tí mo ń jẹ lálẹ́ ni mo pa tì, torí káféènì inú rẹ̀, èròjà tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn dáadáa. Mo tún ń fi aṣọ gbígbóná lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n tó sùn. Lẹ́yìn oṣù 2, ariwo náà rọlẹ̀.