Ẹ Yé Fowó Ra Òtútù: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí A Bá Ń Pàgọ́ Sùn Nínú Ìjì Lórí Ìrìn Àjò Alùpùpù

Owó ni àwọn tó ń fi alùpùpù rìnrìn àjò kọ́kọ́ máa ń ná. Kí máṣíìnì tó kúrò nílé rárá, wọ́n ti ra àgọ́ olówó ńlá tí wọ́n kọ 5,000 mm sí lára. Tí ìjì bá wá dé lóru, tí wọ́n jí bá ara wọn nínú omi, wọ́n á ní ẹni tó ta àgọ́ fún wọn purọ́. Kò purọ́. Ìwọ̀nba ni omi tó ń gba òrùlé wọ àgọ́. Èyí tó pọ̀ jù ń gba ilẹ̀ wọlé, òmíràn ń gba ojú rírán, òmíràn sì jẹ́ èémí àwọn tó sùn síbẹ̀ tó di omi. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ránṣẹ́ pè é.

Èkíní: kí a gbójú lé nọ́ńbà. Nọ́ńbà mm yẹn ń sọ bí omi ṣe lè ga tó lórí aṣọ náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò. 1,500 mm tó fún aṣọ òkè àgọ́, èyí tó bo ti inú, nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òjò. Ilẹ̀ àgọ́ ló nílò 3,000 sí 5,000, nítorí orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ yín ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Ihò abẹ́rẹ́ ní ojú rírán ló máa ń jò, gọ́ọ̀mù ni a sì fi ń dí i. Aṣọ tí wọ́n fi silicone (oríṣi rọ́bà kan) pa lójú méjèèjì kò gba gọ́ọ̀mù kankan àfi ti silicone. Tí ẹ bá fi ti polyurethane (oríṣi ike kan) sí i, á ṣí kúrò bí èèpo. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àgọ́ kí ẹ tó ra gọ́ọ̀mù. Ilé ni kí ẹ ti fi sí i, kí ó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan.

Èkejì: ilẹ̀ tó tẹ́jú jù. Ibi tó tẹ́ rẹrẹ tó sì jìn díẹ̀ bí inú àwo, ibẹ̀ ni àgbàrá ń lọ. Ojú odò gbígbẹ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: òjò lè rọ̀ lókè odò, níbi tí ẹ kò ti gbúròó rẹ̀ rárá, kí omi sì bá yín lójú oorun. Ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó sọ ẹrù kalẹ̀. Tí koríko bá dojúbolẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tí igi wẹ́wẹ́ àti ewé gbígbẹ bá kó jọ sí ìdí igbó, omi ti gba ibẹ̀ rí. Ilẹ̀ tó rọra dàgẹ̀rẹ̀ ló dára, kí ẹ kọ orí sí apá òkè. Ẹ gbójú sókè pẹ̀lú: ẹ̀ka gbígbẹ kò ní kí ẹ jí kó tó já.

Ẹ̀kẹta: tápólì tó yọ síta. Tápólì tí a tẹ́ sábẹ́ àgọ́ gbọ́dọ̀ kéré sí ilẹ̀ àgọ́, bíi 5 cm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá yọ síta, òjò tó ń ṣàn láti ara aṣọ òkè á bọ́ sórí rẹ̀, á sì gba abẹ́ yín kọjá. Ohun tí ẹ rà láti fi lé omi ti di ọpọ́n tí ẹ fi ń gbè é.

Ẹ̀kẹrin: síso àgọ́ mọ́ máṣíìnì. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná. Ta ló kọ́ àwọn èèyàn ní èyí? "Máṣíìnì wúwo ju èèkàn lọ," ni wọ́n máa ń wí. Ó wúwo lóòótọ́. Alùpùpù tó gbé ẹrù lè wọn 250 kg, ṣùgbọ́n orí táyà méjì àti sítáńdì ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ẹsẹ̀ sítáńdì náà kò sì fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Tí òjò bá ti rọ ilẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, sítáńdì á bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kì í rì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń rì díẹ̀díẹ̀, máṣíìnì ń tẹ̀ sí i, títí tí yóò fi lulẹ̀ láàárín òru. Ẹ wá fi okùn àgọ́ so mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lókè, níbi tí agbára díẹ̀ ti lè gbé e ṣubú, kí atẹ́gùn máa já a gbà ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́. Tó bá lọ, àgọ́ á bá a lọ. Tó bá jẹ́ apá ọ̀dọ̀ yín ló wó sí, irin tó wúwo àti epo bẹntiróòlù ni ẹ máa fi bora.

Àwọn mìíràn kò so ó, wọ́n kàn gbé e síwájú àgọ́ kó lè dí atẹ́gùn. Kò dí nǹkan kan. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ àti àárín táyà kọjá. Ìjì á sì gbé aṣọ òkè lọ lẹ̀ mọ́ sàlẹ́ńsà tí kò tíì tutù, náílọ́ọ̀nù á yọ́.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ jẹ́ kí ó tó mítà mẹ́ta sí àgọ́. Ẹ wá pákó tàbí irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ sítáńdì. Ẹ kọjú rẹ̀ sí apá òkè, ẹ fi jíà kìíní sílẹ̀ lára rẹ̀, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sí apá sítáńdì kí ẹ sì tì í pa. Tí sítáńdì bá wà lápá òsì, apá ọ̀tún ni kí atẹ́gùn ti máa fẹ́ bọ̀, kó máa tì í mọ́ sítáńdì. Tó bá ti apá òsì fẹ́, á gbé e dìde, á sì dà á nù sí òdìkejì. Aṣọ tí a fi ń bo máṣíìnì, ẹ ká a kúrò. Nínú ìjì, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ló jẹ́.

Tó bá ṣubú náà, ẹ pa á kí ẹ tó gbé e dìde. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá gbìyànjú láti tan án tí ẹ́ńjìnnì sì kọ̀ láti yí, ẹ má fipá mú un: omi tàbí epo lè ti wọ inú rẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kí ẹ kọ́kọ́ tú u jáde.

Èèkàn wá ńkọ́? Wáyà tín-ín-rín tó bá àgọ́ wá nínú àpò kò lè di ilẹ̀ rírọ̀ mú. Ẹ wá èyí tó rí bíi Y, tó gùn ju 20 cm lọ. Orí èèkàn ni kó dàgẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àgọ́, kí òun àti okùn pàdé bí igun àpótí. Nínú iyanrìn, ẹ rọ iyanrìn kún àpò kékeré, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n 30 cm. Gbogbo okùn ni kí ẹ ta, kì í ṣe mẹ́rin tó wù yín. Ẹ kọ apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ lára àgọ́ sí atẹ́gùn, kí ẹnu ọ̀nà kẹ̀yìn sí i. Náílọ́ọ̀nù sì máa ń nà tó bá tutù, nítorí náà ẹ jáde lọ tún okùn fà kí ẹ tó sùn, bó ti wù kí oorun dùn tó. Aṣọ òkè tó bá rọ̀ lé ti inú ti fún omi lọ́nà.

Ẹ má dí ihò atẹ́gùn àgọ́. Èémí yín ni òjò tó ń kán láti òkè yẹn.

Sítóòfù nínú àgọ́: rárá. Gáàsì carbon monoxide tó ń ti ara iná rẹ̀ jáde ń pani, kò sì ní òórùn.

Mànàmáná kò bọ̀wọ̀ fún aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà táyà kò ní gba ẹni tó wà lórí máṣíìnì. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tó kọ títí àrá yóò fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá tó 30, kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá lọ, ó sì lè kàn yín. Ẹ wọ ilé gidi tàbí mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin, kí ẹ má sì jáde títí 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn. Bí kò bá sí ìkankan, ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ jìnnà sí igi tó dá dúró àti sí máṣíìnì fúnra rẹ̀.

Ti ẹrù kò pọ̀. Àgọ́ ni kó wà lókè pátápátá, kí ẹ lè fà á yọ láì ṣí àpò aṣọ sílẹ̀ fún òjò. Àpò tí a ń ká lẹ́nu, ẹ lé atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ̀ẹ̀kan kì í dí i. Ìbọ̀wọ́ á wà lábẹ́ ọwọ́ aṣọ òjò, ṣòkòtò òjò á bo bàtà lẹ́nu. Tí òjò bá ti ṣú, ẹ dúró ní wákàtí méjì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Láàárọ̀, ẹ rọra tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹ tó sáré, nítorí ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ á ti mú irin rẹ̀ lóru. Òjò á ti fọ ọ́ìlì kúrò lára ṣéènì: ẹ fi òmíràn sí i nírọ̀lẹ́ tí ẹ bá dúró, nígbà tó ṣì gbóná. Àgọ́ tútù, ẹ dì í lọ́tọ̀, jìnnà sí àpò ìsùn, kí ẹ sì tú u sá nígbà àkọ́kọ́ tí oòrùn bá yọ, kódà bó jẹ́ ìdajì wákàtí lẹ́bàá ọ̀nà.